Orin Àsímáwù Lẹ́nu Marva Tibbs

Ọjọ́ Wẹ́sidé ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Tàwàkálítù ń fi òróró pa ẹsẹ̀ ìyá àgbà tó ń tọ́jú ní South Shore, ní ìlú Chicago, nígbà tí ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọ orin kan. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i, ohùn lásán ni. Ṣùgbọ́n ohùn náà gòkè níbi tó yẹ kó ti gòkè, ó dúró díẹ̀ níbi tó yẹ kó ti dúró, ó wá rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń ti orí òkè bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Ọwọ́ Tàwàkálítù dúró lórí ọrùn ẹsẹ̀ obìnrin náà.

"Kí ló dé?" ni ìyá àgbà bi í.

"Kò sí nǹkan, Miss Marva."

Nǹkan wà. Orin ìyá rẹ̀ ni. Lójú tirẹ̀, kò sí ẹni tó yẹ kó mọ orin yẹn láyé àfi ọmọ Ìwó, Marva Tibbs kò sì dé Ìwó rí.

Ó rántí lójú ẹsẹ̀ pé ní ọ̀sẹ̀ kejì tí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé náà, òun ti kọ orin yìí ní kíṣìnì nígbà tí òun ń fọ abọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá lórí ìyẹn. Ṣé ohun tí ìyá yìí jókòó sórí àga fún nìyẹn, tó ń díbọ́n bí ẹni tó ń tòògbé? Olórin ni ìyá náà tẹ́lẹ̀, àwọn olórin kì í sùn tán, etí wọn máa ń ṣí sílẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ náà, Tàwàkálítù pa ẹnu mọ́ nílé yẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni Tàwàkálítù. Fíṣà lọ́tìrì ló gbé òun àti Daud ọkọ rẹ̀ dé Chicago, Richton Park ni wọ́n sì ń gbé. Daud ń wa tírélà, ó lè lo ọjọ́ mẹ́wàá lójú títì kó tó wọlé. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó kù pẹ̀lú wọn nílé, Ràhmát, wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọdún mọ́kànlá ni Tàwàkálítù fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Des Plaines, lẹ́bàá pápá ọkọ̀ òfuurufú, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kọ̀ fún un. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú, ó gbàwé ẹ̀rí, iléeṣẹ́ kan tó ń rán èèyàn lọ tọ́jú àwọn arúgbó sì gbà á.

Hòtẹ́ẹ̀lì ló kọ́ ọ ní ìfura. Bí òrùka bá sọnù ní yàrá, ẹni tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Nítorí náà, kò sí ọjọ́ tó máa jáde nílé aláìsàn láìkọ́kọ́ ṣí báàgì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí onílé wo inú rẹ̀, bó fẹ́ bí kò fẹ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe é nílé Miss Marva, ìyá náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Olè nìkan ló máa ń ṣí báàgì láìjẹ́ pé wọ́n ní kó ṣí i," ló wí.

"Ẹ wò ó náà, mà," ni Tàwàkálítù dá a lóhùn. Ìyá náà sì wò ó dáadáa, dé inú àpò kékeré tí tẹ̀sùbáà wà.

Miss Marva náà ní ìfura tirẹ̀, ó ju ti Tàwàkálítù lọ. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni. Àwọn ìwé tó ń kọ orin sí wà nínú àpótí irin lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, kì í bọ́ ọ bó bá ń wẹ̀. Olùtọ́jú méjì ló ti lé lọ kí Tàwàkálítù tó dé. Ó ní ọ̀kan ń fi fóònù gba ohùn òun sílẹ̀, ó ní èkejì ń wo àpótí jù. Bó bá ń kọrin tí èèyàn wọlé, á dákẹ́ bí ẹyẹ tó rí ológbò.

Ìdí rẹ̀ kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá bá a jókòó. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ fún àwọn olówó ní àdúgbò tí ẹsẹ̀ èèyàn dúdú kì í dé bí kò ṣe láti ẹ̀yìnkùlé. Ṣọ́ọ̀ṣì ni Marva ti bẹ̀rẹ̀ orin, ó sì kọ ọ́ dé hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù kejì jáde, orin kan wà lórí rẹ̀, Aṣọ Orí Okùn, tí gbogbo Amẹ́ríkà kọ. Òun ló ṣe orin náà, ohùn àti ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ọkùnrin méjì tí kò mọ orin kọ rárá ló wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù bí ẹni tó ṣe é. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wà ní kóòtù. Orin tó ṣe nígbà ẹjọ́ náà, Kọ́kọ́rọ́ Kejì, gbajúmọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, àwọn ọkùnrin méjì náà sì tún gba ìdajì rẹ̀. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ fi máa padà sára orin rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè dúró kọrin fún èrò mọ́.

Tàwàkálítù gbọ́ gbogbo èyí lẹ́nu obìnrin náà fúnra rẹ̀, ó sì fi èrò tirẹ̀ kún un ní ọkàn: ẹni tí wọ́n bá jà lólè pẹ́, òun náà lè kọ́ iṣẹ́ náà.

Ohun tó mú kí inú rẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ nìyí. Ìyá rẹ̀, Àlhájà Àsímáwù, ló jẹ́ olórí ẹgbẹ́ oníwákà kan ní Ìwó. Ibi nìkáà, ibi ìsọmọlórúkọ, ibi tí wọ́n bá ti ń pàdé ẹni tó ti Mẹ́kà bọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n wà pẹ̀lú sẹ́lí lọ́wọ́, àwo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá mọ́ra. Ní ọdún tí wọ́n pa Múrítàlá, nígbà Iléyá, ẹgbẹ́ mẹ́fà díje. Àsímáwù dìde, ó gbé orin tuntun kan jáde:

Olúwa, fọ̀ mí bí aṣọ àlà,
Sá mi síbi tí òòrùn Rẹ wà.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ní ńṣe ni pápá dákẹ́. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gba ẹ̀bùn, búùtà fàdákà kan fún àlùwàlá. Ẹgbẹ́ tó ṣe ipò kejì fárígá, wọ́n ní irú ohùn yẹn kò ti Ìwó wá, pé Àsímáwù jí i níbì kan ni. Ọ̀rọ̀ dé iwájú àáfáà àgbà. Àsímáwù gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì, ó ní, "Èmi ni mo ṣe orin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi." Ẹjọ́ parí. Láti ọjọ́ náà, bí ọmọ Àsímáwù bá sọ̀rọ̀ ní àdúgbò, wọ́n á ní, "Ọmọ ẹni tó gbọ́wọ́ lé Kùránì ni, kò lè purọ́." Abẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn ni Tàwàkálítù dàgbà sí. Kò sí ogún mìíràn tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un tó dà bíi rẹ̀.

Nítorí náà ló ṣe dẹ pàkúté fún Miss Marva. Ní Ọjọ́bọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin náà ní kíṣìnì, ó gbé ohùn sókè díẹ̀ kó lè wọ yàrá, ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́. Níbi tí ó yẹ kí ohùn ti sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e gòkè. Ó rò ó pé bó bá jẹ́ ẹnu òun ni ìyá náà ti ń kó o, yóò kó àṣìṣe náà pẹ̀lú, ìyẹn ni òun yóò sì fi mú un. Ó kọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀, kò sí èsì. Ó tún kọ ọ́ ní Ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀pá ìtìlẹ̀ Miss Marva lu ilẹ̀ gbì.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!" ló ké láti yàrá. "Ibẹ̀ yẹn ń wálẹ̀ ni! O ti bà á jẹ́ láti àná, mo ń fara dà á."

Tàwàkálítù nu ọwọ́, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ló ń wálẹ̀, mà?"

"Orin mi. Ta ló rán ẹ wá síbí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Orin ìyá mi ni."

Miss Marva rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Mo ti gbọ́ pé orin ọ̀gá iléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ni. Mo ti gbọ́ pé orin àna ọ̀gá ni. Ti ìyá olùtọ́jú ló kù tí mi ò tíì gbọ́."

"Miss Marva, ṣé ẹ ti dé Nàìjíríà rí?"

"Rárá. Ìyá tìẹ ńkọ́, ṣé ó ti dé Chicago rí?"

"Rárá, mà."

Wọ́n ń wo ara wọn bí obìnrin méjì tó di ìró kan mú létí odò, tí kálukú wọn mọ̀ pé tòun ni.

"Ní Mọ́ńdè, bí ọ́fíìsì yín bá ti ṣí ní aago mẹ́sàn-án," ni Miss Marva wí, "màá pè wọ́n kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá. Ẹni tí kò lórin lẹ́nu."

Tàwàkálítù kò bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé, iṣẹ́ kọ́ ló ń rò. Ohun tó ń gún un ni pé ìyá náà kò kó àṣìṣe rẹ̀. Ó mọ ibi tí orin ń lọ.

Ní Sátidé, ó pe Ràhmát jókòó. Ọmọ náà tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀.

"Mummy, wò ó. Second album. Nineteen seventy-four. Track three, Aṣọ Orí Okùn, òun nìyẹn."

"Ta ló kọ ọdún yẹn síbẹ̀?"

"It's the cover, Mummy. Fọ́tò rẹ́kọ́ọ̀dù ni."

"Ṣé wọn ò lè kọ ohun tó bá wù wọ́n sára fọ́tò ni? Ìwọ náà fi fọ́tò ológbò tó ń wa mọ́tò hàn mí níjọ́sí."

"Mummy, that was AI! Èyí, people have the actual record nílé wọn. Àwọn tó ti dàgbà. They can't all be lying."

"Wọ́n lè jọ parọ́. Tẹ̀ ẹ́ kí n gbọ́."

Ohùn ọ̀dọ́mọbìnrin kan jáde, ó dán bí omi inú àwo. Tàwàkálítù ní kó tún un tẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ló ní kó tún un tẹ̀. Ní ìgbà kẹrin, ó ti ń fi ìka lu ìlù sẹ́lí lórí itan láìmọ̀, gbogbo rẹ̀ sì wọ ara wọn, àfi pé níbi àárín, níbi tí ẹgbẹ́ ìyá rẹ̀ ti máa ń gbè é, fèrè kan ṣoṣo ló ń sọ níbẹ̀.

"So Grandma sampled her," ni Ràhmát wí. "It's not that deep. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é."

"Ṣé gbogbo èèyàn náà ló ń gbọ́wọ́ lé Kùránì?"

Ràhmát rọra dìde, ó fi fóònù sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

Ọdún 1976, ọdún tí wọ́n pa Múrítàlá, ni ìdíje Iléyá. Ọdún 1974 ni rẹ́kọ́ọ̀dù náà jáde. Ọdún méjì ló wà láàárín wọn, òkun ńlá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé nínú ẹgbẹ́ oníwákà ìyá rẹ̀, Àlhájà Muminat, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Tàwàkálítù pè é. Ó ti di ìrọ̀lẹ́ ní Ìwó.

Wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n béèrè ọkọ, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè òtútù. Tàwàkálítù wá ní, "Mà, orin Iléyá yẹn. Níbo ni ìyá mi ti rí i?"

"Ta ló ń béèrè?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ilé ti jó lọ́hùn-ún ni, tó o fi ń wá eérú kiri níbí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ṣé inú rẹ́kọ́ọ̀dù ló ti gbọ́ ọ?"

Ó gbọ́ bí Muminat ṣe mí kanlẹ̀. "Tíṣà kan wà," ló wí. "Èèyàn dúdú bíi tiwa, ṣùgbọ́n ọmọ Amẹ́ríkà. Sáyẹ́ǹsì ló wá kọ́ àwọn ọmọ. Yàrá méjì ló háyà nílé bàbá ìyá rẹ. Ó ní giramafóònù. Lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ ni èmi àti Àsímáwù ti máa ń ṣa ìrẹsì. A ò gbọ́ òyìnbó, Tíṣà ló sọ fún wa pé orin aṣọ fífọ̀ ni."

"Ẹ wà níbẹ̀ nígbà tó búra?"

"Èmi ni mo bá a di ìborùn mú."

"Ẹ sì dákẹ́."

"Mo dákẹ́. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n pariwo? Tàwà, gbọ́. Gbogbo oníwákà ìgbà yẹn ló ń ṣe é. A ń gba ohùn sínímà Íńdíà, a ń gba ti rẹ́kọ́ọ̀dù, a ń fi Bísímílà síwájú rẹ̀, ó di tiwa. Àwọn tó pè é lólè gan-an, orin sínímà ni wọ́n kọ lọ́jọ́ náà! Kò sẹ́ni tó ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Àṣìṣe ìyá rẹ ni pé ó gbà kí wọ́n gbé Kùránì sí òun níwájú. Ká ní ó rẹ́rìn-ín, tó ní 'mo gbọ́ ọ níbì kan,' búùtà náà ì bá ṣì jẹ́ tiwa láìsí ìbúra."

Tàwàkálítù kọ́kọ́ fura sí Muminat náà. Ó bi ara rẹ̀ bóyá owú àtijọ́ ló ń sọ̀rọ̀, tí ẹni tó ń gbè orin fi ń bá ẹni tó ń dá a jà lẹ́yìn ikú. Ṣùgbọ́n Muminat fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó gbé ìfura yẹn lọ.

"Ṣé o rántí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tó máa ń gbà bí Iléyá bá ti lọ tán?"

Ó rántí. Lọ́dọọdún, bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Iléyá. Àwọn ọmọ rò pé ààwẹ̀ ọpẹ́ ni.

"Ìtánràn ìbúra yẹn ni. Ó sọ fún mi pé Ọlọ́run lè gba ààwẹ̀ lórí ìbúra. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ ẹni tó ni orin, Ọlọ́run kì í báni foríjì í, àfi kí ẹni náà foríjì fúnra rẹ̀. Ó ní níbo ni òun yóò ti rí i."

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, orí fóònù ni Tàwàkálítù ti wo bí wọ́n ṣe sin ìyá rẹ̀. Àáfáà dúró, ó ní kí ẹnikẹ́ni tí Àsímáwù bá ṣẹ̀ jáde wá, tàbí kó foríjì í kí ilẹ̀ tó gbà á. Gbogbo èrò pariwo pé àwọn ti foríjì í. Ẹni tó yẹ kó dáhùn jókòó ní South Shore, kò mọ̀ pé wọ́n ń pe òun.

Ní Mọ́ńdè, aago mẹ́jọ kù díẹ̀ ló ti wà lẹ́nu ọ̀nà Miss Marva. Ó wọlé, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ níwájú àga.

"Dìde," ni Miss Marva wí. "Kí lo fẹ́ kí n fọwọ́ sí?"

"Kò sí ìwé, mà. Ìyá mi ló gba orin yín. Lára rẹ́kọ́ọ̀dù ló ti gbọ́ ọ, ó sì búra pé òun lòun ṣe é. Ó ti kú. Mo wá bẹ̀ yín kí ẹ foríjì í."

Miss Marva fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n na ejò sí. "Áà. Báyìí ni wọ́n tún ń ṣe é nísinsìnyí? Lọ́yà kan sọ fún mi rí pé, 'Marva, foríjì í, kó o fọwọ́ síbí.' Mo foríjì, mo fọwọ́ sí i, orin mẹ́rìnlá ló bá a lọ. Ta ni lọ́yà rẹ?"

"Mi ò ní lọ́yà. Òkú ni mo ń bá bẹ̀bẹ̀."

"Kí ni òkú fẹ́ fi ìforíjì mi ṣe?"

Tàwàkálítù ṣàlàyé fún un, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé àkọsílẹ̀ kan wà tí Ọlọ́run kò ní pa rẹ́ àyàfi tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá pa á rẹ́. Miss Marva tẹ́tí sí i, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ Tàwàkálítù, bóyá fóònù wà níbẹ̀.

"Kí ló rí gbà nídìí rẹ̀?"

"Búùtà kan, mà. Kẹ́tùlù tí a fi ń fọ ọwọ́ fọ ẹsẹ̀ kí a tó kírun."

Miss Marva rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Gbogbo ẹni tó jà mí lólè ló fi kọ́ ilé. Ìyá tìẹ gba kẹ́tùlù! Kọ ọ́ kí n gbọ́. Dáadáa o, má tún bà á jẹ́."

Tàwàkálítù kọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀. Miss Marva ní kó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé aṣọ àlà wà níbẹ̀, àti sísá sóòrùn, ó gbá ọwọ́ mọ́ apá àga. "Ó kó okùn aṣọ mi mọ́ ọn! Kò fi nǹkan kan sílẹ̀ fún mi!"

"Ó ku àárín, mà."

"Fèrè ló wà ní àárín."

"Ní tiwa, àwọn ẹlẹ́gbè ló wà níbẹ̀." Ó sì kọ ọ́:

Bí afẹ́fẹ́ bá já mi lókùn,
Rán ọmọ kan kó wá ṣà mí.

Ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Miss Marva fi imú kọ apá náà, ó ṣì í, ó tún un kọ, ó bá a.

"Mi ò fi afẹ́fẹ́ sínú tèmi," ló wí níkẹyìn. "Aádọ́ta ọdún, mi ò rántí afẹ́fẹ́. Ìyá mi sì máa ń sáré lé aṣọ kiri ẹ̀yìnkùlé." Ó na ọwọ́ sí i. "Mú ìwé iṣẹ́ rẹ wá."

Ìwé tí olùtọ́jú máa ń kọ oúnjẹ àti oògùn ọjọ́ sí ni. Miss Marva kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé Marva Tibbs foríjì Àsímáwù tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n orin náà ṣì jẹ́ ti Marva Tibbs. Ó fọwọ́ sí i, ó tì í síwájú Tàwàkálítù.

Tàwàkálítù kà á lẹ́ẹ̀mẹta. "Afẹ́fẹ́ kò sí níbẹ̀, mà."

"O ò gbẹ́kẹ̀ lé mi."

"Rárá, mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó gba ìwé náà padà, ó ní kí Tàwàkálítù pe orúkọ ìyá rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó sì fi kún un pé apá afẹ́fẹ́ jẹ́ ti Àsímáwù, ti òun nìkan. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan tẹlifóònù. Tàwàkálítù fọwọ́ sí i, ó sọ pé "Àlùhámúdùlílà" lábẹ́ ẹnu, ó na ọwọ́ láti ká ìwé náà.

"Dúró," ni Miss Marva wí. "Ẹ̀dà méjì. Èmi kì í jẹ́ kí ìwé kan ṣoṣo jáde nílé mi."

Tàwàkálítù jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da èkejì kọ, Miss Marva sì na ọrùn, ó ń wo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń bọ́ sórí ìwé.